Wáífáì Tí Kì Í Já Lójú Mi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá bi mí pé ṣé kí ẹ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti rẹ̀ mí láti máa fẹnu sọ ọ́. Ẹ máa ń jókòó, ẹ ó gbé fóònù lé itan, bí ọ̀rọ̀ mi bá sì dé ibì kan, ẹ ó rẹ́rìn-ín, èmi ó rò pé èmi ni mo pa yín lẹ́rìn-ín, kì í ṣe èmi, fóònù ni. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á dójú àmì, nítorí náà ẹni tó bá ń wá àṣìkọ yóò rí i, kó sì máa bá a lọ.

Ìyá Wàsíù ni orúkọ mi. Ní Festac, àwọn tí kò mọ Wàsíù ń pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Ìwó ni wọ́n bí mi sí. Nígbà tí mo dé Èkó, ọ̀dọ̀ àǹtí mi ní Kuje ti Amuwo ni mo gbé, búrẹ́dì ni mo sì ń kiri. Mo máa ń gbé e lọ síwájú ọ́fíìsì ìjọba kan tí àwọn akọ̀wé ti máa ń jáde wá rà á. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ìró táípúráítà. Ó dà bí ìgbà tí òjò yìnyín bá ń lu páànù. Mo rò ó nínú ara mi pé ohun tó bá ń pariwo tó báyìí, bópẹ́ bóyá yóò bàjẹ́, ebi kò sì ní pa ẹni tó bá ń tún un ṣe.

Bí mo ṣe di ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Ràfíù nìyẹn. Àǹtí mi bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀, ó ní obìnrin àti irin ò bára mu. Àǹtí mi tún bẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ohun tó gbà lọ́wọ́ wa kò tó nǹkan, ohun tó ń fún mi náà kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Ràfíù tín-ín-rín bí igi ìṣáná, òun náà sì tètè ń gbiná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló ní ìṣó tó ń fi wọ́n kọ́ sára ògiri, ó sì fi ẹfun ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi ìṣó rẹ̀, kó lè mọ èyí tí kò tíì wálé. Bí ó bá wọlé láàárọ̀, ògiri ló máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni yóò dá wa lóhùn. Ó ní rúlà onírin kan tí kò fi wọn nǹkan kan rí yàtọ̀ sí oríkèé ìka wa.

Ohun tó ń torí rẹ̀ nà wá kò ju méjì lọ. Ó kórìíra kí ènìyàn yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ní, "Bí o bá yí méjì padà, tí ẹ̀rọ náà sì dára, èwo ló wò ó sàn? O ò mọ̀. O ò ní mọ̀ títí o fi máa kú." Èkejì, a kò gbọdọ̀ tú ẹ̀rọ tí a kò tíì rí kó bàjẹ́ lójú ara wa.

Èyí èkejì yìí ló jẹ mí níyà jù. Akọ̀wé obìnrin kan gbé táípúráítà rẹ̀ wá pé lẹ́tà rẹ̀ ń há. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, kò há. Mo da òróró sí i, mo ní kó máa gbé e lọ. Kò pẹ́, ó tún gbé e dé, ó ń kùn bí oyin. Ọ̀gá kí mi kú iṣẹ́ pẹ̀lú rúlà, ó wá ní kí n tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ́fíìsì, kí n jókòó tì í títí yóò fi há lójú mi, kódà bí ó bá di ọjọ́ kejì. Mo jókòó ti obìnrin yìí bí ọlọ́pàá. Títí di ọ̀sán, kò há. Ìgbà tí ọ̀gá tirẹ̀ jáde lọ jẹun, ó fa dúrọ́ọ̀, ó kó ẹ̀pà síta, ó ń ra á lọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ náà gan-an, ó ń fi ẹnu fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. Gbogbo èèpo ń wọ àárín àwọn lẹ́tà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí èrò tó ń wọ mọ́ṣáláṣí. Mo rẹ́rìn-ín débi tí ó fi bú ìyá mi. Ìgbà tí mo sọ fún Ọ̀gá, òun kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Oníbàárà kì í parọ́ fún ọ. Kì í kàn sọ ọ́ tán ni."

Mo rò pé ọ̀rọ̀ táípúráítà ló ń sọ.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, mo ti gba òmìnira, mo ti ń bá àwọn tó ń kó tòkunbọ̀ wọlé ná ọjà. Ọ̀gá Ràfíù kò fojúure wo ẹ̀rọ náà rárá. Ó ní ẹ̀rọ tí kò ní ìró kò lè sọ ibi tó ń dùn ún. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Àwọn ọ́fíìsì kó táípúráítà wọn síta, àwọn tó ń ra irin àlòkù ń jù wọ́n sínú ọmọlanke bí ẹni ju iṣu tó ti rà. Ọ̀gá ń rà nínú wọn padà. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ìgbà tí mo lọ kí i gbẹ̀yìn nílé rẹ̀ ní Ijegun-Egba, ó tò wọ́n sí pálọ̀, ó ń nù wọ́n, ó ń kán òróró sí wọn, kò sí ẹni tó ń tẹ̀ wọ́n. Ìyàwó rẹ̀ ní òróró ẹ̀rọ ti pọ̀ nínú ilé débi pé díẹ̀ ló kù kí òun fi dín ẹyin. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun pàápàá. Àìpẹ́ sígbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé ó ti kú. Mi ò mọ ẹni tó kó àwọn táípúráítà náà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọlọ́mọlanke.

Èmi ń jayé káfẹ́ ní tèmi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Festac, àwọn kọ̀ǹpútà tò lọ bí ẹni wà ní kíláàsì, àwọn ọmọkùnrin sì ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí obìnrin tí wọn kò rí rí. Mo máa ń dúró lẹ́yìn wọn, màá ní, "Bọ̀dá, ohun tí ẹ kọ yẹn, ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún ìyàwó yín rí?" Wáyà ni gbogbo nǹkan nígbà yẹn. Bí nǹkan bá já, màá fi ọwọ́ tọ wáyà lọ títí màá fi kan ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Eku Festac mọ kọ̀ǹpútà jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ìpọ́njú tó ṣeé fọwọ́ kàn ni. Fóònù wá dé, ó pa káfẹ́ bí ẹni fẹnu pa fìtílà, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún àwọn tó ń fẹ́ ẹ nílé, pàápàá àwọn àgbà tí ojú fóònù kéré jù fún.

Ìgbà yẹn ni mo bá dọ́ńgù pàdé. Fún ẹni tí kò rí i rí, kò ju ìdajì ìka lọ. A máa ń kì í bọ ihò sípíyù, ìyẹn àpótí tí ọpọlọ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀, òun ni yóò sì máa fa wáífáì wọlé láìsí wáyà. Ohun tí kò tó ìka, ìgbéraga rẹ̀ ju ti àbúrò ọkọ lọ. Ó lè ṣiṣẹ́ láàárọ̀, kó já lọ́sàn-án, kó má sọ ohun tí ẹnikẹ́ni fi ṣe é. Mo kọ́ ìwà rẹ̀ bí ẹni kọ́ ìwà ìyáálé. Bí o bá kì í bọ iwájú sípíyù tòkunbọ̀, nígbà míràn iná ibẹ̀ kò ní tó o; wàá gbé e lọ sẹ́yìn. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ a máa pàṣẹ fún un pé kó sùn kó má baà jẹ iná. Wàá wọ inú ẹ̀rọ lọ, wàá ní kó fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Bí ó bá gbóná jù, á já. Obìnrin kan ní Raji Rasaki Estate fi ọ̀rá wé tirẹ̀ kó má baà gbó, bí ó ṣe fi ọ̀rá wé rìmóòtù, tó fi wé àga, bóyá tó fi wé ọkọ rẹ̀ pàápàá. Mo tú ọ̀rá náà, dọ́ńgù mí kanlẹ̀, kò já mọ́. Mo rò pé mo ti mọ gbogbo àrùn rẹ̀ tán.

Mo wá dé ọ̀rọ̀ Bàbá Fúnmi. Orúkọ yìí kọ́ ni orúkọ rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ní ìdí. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì, Kìrìsìtẹ́nì tòótọ́, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa, síbẹ̀ "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èmi ni mo ta kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí mo gbé e lọ, mo fi ẹnu mi tó mú yìí kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé omi sún mọ́ ọn, pé bí ó bá fi omi bà á jẹ́, kó má pè mí, kó pe panápaná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ti lọ sí Kánádà lọ gbé ọmọ tuntun fún Fúnmi, àkọ́bí wọn. Ibẹ̀ ni àìsàn ti ká a mọ́, dókítà sì ní kò gbọdọ̀ wọ bàálù. Ọmọ tó lọ gbé ti ń rìn, ìyá ò lè padà wálé. Ohun tó wá kù fún tọkọtaya yìí ni àdúrà ìrọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, wọn kò pa á jẹ rí, wọn kò sì fẹ́ kí òkun jẹ́ kí wọ́n pa á jẹ. Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò lè rí ẹnikẹ́ni lójú fóònù, ṣùgbọ́n nínú mọ́nítọ̀ ńlá tí mo tà fún un, ojú ìyàwó rẹ̀ a máa tóbi tó ti ènìyàn tó jókòó síwájú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé òun a máa rí àbàjà kékeré tó wà létí ẹnu rẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni pé àánú ni kọ̀ǹpútà ṣe òun.

Wáífáì náà ń já. Kì í já nígbà tí wọ́n bá ń kí ara wọn, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọmọ. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ni. Ojú Màmá á dúró gbagidi, ẹnu á wà ní yíyà, ohùn á lọ. Bàbá pè mí, ó ní ọ̀tá ni. Mo ní bí ọ̀tá bá mọ kọ̀ǹpútà tó báyìí, kó wá bá mi ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo lọ. Ráútà tó ń gbé wáífáì jáde wà lójú fèrèsé pálọ̀, nítorí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì ti ń wọ fúláàtì wọn. Kọ̀ǹpútà wà ní yàrá tí Màmá ti máa ń ránṣọ, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Mo ní ká kúkú fa wáyà. Bàbá kọ̀. Ó ti kọsẹ̀ lára wáyà fáànù rí, ìbàdí rẹ̀ kò sì tíì dárí jì í. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo yọ dọ́ńgù kúrò ní ihò kan, mo kì í bọ òmíràn, mo lọ. Ó já. Mo padà wá, mo kọ̀ fún kọ̀ǹpútà pé kò gbọdọ̀ mú un sùn, mo lọ. Ó já. Mo fọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná, ara rẹ̀ tutù bí imú ajá. Mo pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá, mo fi tuntun sí i, sí iwájú sípíyù níbi tó ti dojú kọ ráútà. Ó já.

Kì í já lójú mi. Ìyẹn ló ń bí mi nínú. Màá ní kí wọ́n pe Fúnmi, màá jókòó, a ó máa sọ̀rọ̀ títí ìdí mi á fi kú, kò ní já. Fúnmi á máa fi mí rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá Wàsíù, ẹ̀rù yín ló ń bà á." Bí àkókò àdúrà bá ti tó, màá dìde. Mùsùlùmí ni mí, àdúrà tọkọtaya sì ni, kí ni mo fẹ́ jókòó ṣe láàárín wọn? Kí n tó dé géètì, Bàbá á ti pè mí pé ó ti já.

Nígbà tó yá, wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ni yóò gba Màmá. Fúnmi kò fi ohunkóhun pamọ́ fún bàbá rẹ̀: iṣẹ́ abẹ náà le, ó sì lè má jí. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé kí wọ́n tó tì í wọlé, òun àti Bàbá yóò gbàdúrà pọ̀. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Bàbá ránṣẹ́ sí mi láti àárọ̀. Mo bá a da epo sí jẹnẹrétọ̀, mo wo gbogbo ihò, mo wo ráútà, mo tún gbé dọ́ńgù mìíràn sápò bí èyí bá ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Wọ́n pe Màmá. Ó yọ lójú mọ́nítọ̀ kedere, wọ́n ti fi fìlà ọsibítù bò ó lórí, ó sì ti rù débi pé mo fẹ́ wo ibòmíràn.

Ó ní, "Ìyá Wàsíù, ṣé wọ́n fún yín lóúnjẹ? Ọkọ mi yẹn, ó lè jókòó ti àlejò títí àlejò á fi gbẹ."

Mo ní, "Màmá, omi lásán ni mo mu. Ẹ tètè dé o, ẹ wá gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀."

Ó ní òun ń bọ̀. Gbogbo wa mọ irú irọ́ tó jẹ́, a sì jọ gbà á gbọ́. Bàbá wá ní ó tó àkókò àdúrà. Mo kí Màmá pé ó dàárọ̀, ọ̀sán gangan, mo jáde. Mo dúró díẹ̀ ní géètì kí fóònù mi dún. Kò dún. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó ti gbà. Mo rìn lọ.

Kò gbà. Bàbá kò pè mí nítorí pé kò sí ohun tí pípè fẹ́ ṣe mọ́. Ó sọ ọ́ fún mi lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí mo lọ bá a dárò. Wọ́n ti ń gbàdúrà lọ, ni Màmá dá àdúrà dúró, ó ní, "Bàbá Fúnmi, ẹ gbọ́. Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ…" Ó já. Ẹnu rẹ̀ wà ní yíyà lójú mọ́nítọ̀. Nígbà tí Fúnmi máa fi rí fóònù bàbá rẹ̀ pè, àwọn nọ́ọ̀sì ti tì í wọlé. Kò jí.

Àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Mo mọ̀ pé wáífáì kọ́ ló pa á. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó kù sí i lẹ́nu, ta ló pa ìyẹn? Bàbá bi mí pé kí ni mo rò pé ó fẹ́ sọ. Èmi tí mo ní ẹnu fún gbogbo Amuwo, oúnjẹ ni mo lọ mẹ́nu bà. Mo ní, "Bóyá ó fẹ́ kí ẹ máa jẹun dáadáa ni." Ó ní, "Bóyá." Ó tún ní, "Bóyá."

Lọ́hùn-ún ni wọ́n sin ín sí. Bàbá kò lè lọ, ojú àti ìbàdí kò jẹ́, wọ́n ní yóò máa wo ìsìn náà lójú kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá, pé òun kò fẹ́ kó já lọ́jọ́ yìí. Mo ní n ó wá, àti pé lọ́jọ́ yìí, kódà bí wọ́n bá fẹ́ fi òróró yàn mí, mi ò ní jáde. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíyù gan-an. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bíi mélòó kan jókòó lẹ́yìn wa. Àwòrán ń wọlé dáadáa: pósí funfun, Fúnmi nínú aṣọ dúdú, ọmọ kékeré tó ń sáré kiri láàárín àga, tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àlùfáà lọ́hùn-ún ní kí gbogbo ènìyàn dìde fún àdúrà. Bàbá dìde. Ó wọ ilé ìdáná, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi ńlá kan jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e bí ẹni gbé ọmọ, ó gbé e kalẹ̀ síwájú sípíyù, ó sì ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí àwọn ènìyàn wa ṣe máa ń gbé omi síwájú rédíò tí pásítọ̀ bá ń gbàdúrà nínú rẹ̀, kí àdúrà lè bọ́ sínú omi, kí wọ́n mu nínú rẹ̀, kí wọ́n fi wẹ̀. Omi inú kẹ́ẹ̀gì náà dí dọ́ńgù lójú, ara kẹ́ẹ̀gì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Mo gbójú sókè wo àmì wáífáì ní igun mọ́nítọ̀. Ó rẹlẹ̀. Ó tún rẹlẹ̀. Àlùfáà ya ẹnu, kò pa á dé mọ́.

Mo dìde, mo gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ sí òdìkejì tábìlì. Àlùfáà parí gbólóhùn rẹ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní àmín. Ìsìn náà lọ títí dé òpin, kò já mọ́. Wọ́n sọ Màmá kalẹ̀ sínú ilẹ̀ tí òjò dídì bò, Bàbá wò ó, kò sunkún. Ó ń wò mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwọn àlejò ti lọ, Fúnmi nìkan ló kù lójú mọ́nítọ̀, ó ń sọ bí ìsìn náà ṣe lọ. Bàbá dìde, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà, ó gbé e padà síwájú dọ́ńgù. Fúnmi dúró gbagidi. Ó gbé e kúrò. Fúnmi ní, "Dádì, ẹ tún ti já." Bàbá ní, "Nẹ́tíwọ̀kì ni, ọmọ mi. Lọ sinmi." Ó pa ìpè náà.

Ó yíjú sí mi. "Omi ni."

Mo ní, "Omi máa ń mu wáífáì, Bàbá. Ó ti ṣe mí rí, nígbà tí wọ́n gbé táńkì omi sí ẹ̀yìn ògiri ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé omi wà nínú ọ̀rọ̀ tiyín. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbé omi sún mọ́ ọn. Mo rò pé kó má baà dà sí i ni. Mo ń ṣọ́ra gan-an." Ó jókòó. "Màmá Fúnmi ló ní kí n máa gbé e síbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Ó ní bí òun kò bá lè fi ọwọ́ kàn mí, kí n máa mu àdúrà òun. Ẹ̀rù ẹnu yín ló wá ń bà mí, Ìyá Wàsíù."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí pé ẹ̀rín ni mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ti rẹ́rìn-ín púpọ̀ láyé mi, mi ò rí èyí tó burú tó ìyẹn.

Ó ní, "Ẹ má sọ fún àwọn ọmọ mi. Wọ́n ti ń bú nẹ́tíwọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú u lọ."

Mi ò sọ fún wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yí orúkọ padà. Mo ti ta ṣọ́ọ̀bù mi báyìí. Àwọn tó ń fi irun kún irun ló wà níbẹ̀, wọ́n sì fi ibi tí mo ń to kọ̀ǹpútà sí to orí oníke sí. Kò sí ẹni tó ń ra sípíyù mọ́. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ́ iṣẹ́ náà, ẹ kọ́ ọ, ẹ̀rọ mìíràn yóò dé, òun náà yóò ya aláìgbọràn. Ẹ wá ọ̀gá tó le. Ẹ má kàn rò pé ìdùnnú ló máa ń wà níbi tí a bá ti rí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Nígbà míràn, ẹ ó rí i, ẹ ó sì fẹ́ kí ẹ má rí i.

Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni mo ṣì ń tọ́jú. Bàbá kò jẹ́ kí n gbé e kúrò. Bí ìrọ̀lẹ́ bá dé, ó máa ń tàn án, á jókòó síwájú rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ibi tó jìnnà. Nígbà tí mo lọ gbọn eruku rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní kí n bá òun wò ó dáadáa bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Mo wò ó. Àmì wáífáì kún dẹ́nu, iná kékeré ara dọ́ńgù ń ṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó ń pè.

Mo ní, "Ó ń ṣiṣẹ́, Bàbá. Kò já."